Bí ẹ ó ṣe múra de ọjọ́ tí Ubuntu tuntun bá jáde, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́

Bí gbogbo nǹkan bá ti wà nílẹ̀, gbígbé ètò ìṣiṣẹ́ tuntun bí Ubuntu (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí a lè lò dípò Windows) sórí kọ̀ǹpútà kì í sábà ju wákàtí kan lọ. Iṣẹ́ tó ń gba àkókò ni èyí tó ṣáájú ọjọ́ náà, òun gan-an sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Àwa tá à ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ni mo ń bá sọ̀rọ̀: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Under-G, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tí iṣẹ́ àṣekágbá yín wà lórí láàpútọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú ní ìtòsí Tákíè. Bí fáìlì oníbàárà bá sọnù lọ́wọ́ yín, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè dá a padà. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Ubuntu? Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dá àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 dúró. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kì í gba gbogbo ẹ̀rọ: ó ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà), ó sì ń béèrè processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Intel ìran kẹjọ sókè, tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ AMD. Púpọ̀ nínú àwọn láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa, àwọn EliteBook, Latitude àti ThinkPad tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì l'ókè òkun kí wọ́n tó kó wọn wá, kò dé ìran kẹjọ yẹn. Wọ́n ṣì lágbára, wọn ò kàn bá òfin Windows 11 mu ni. Ubuntu kì í béèrè TPM, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Canonical tó ń ṣe Ubuntu máa ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù Kẹrin àti oṣù Kẹwàá, Ọjọ́bọ̀ ló sì sábà máa ń bọ́ sí. Nọ́mbà rẹ̀ ló ń sọ ọdún àti oṣù tó jáde: 24.04 jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Èyí tó bá jáde ní oṣù Kẹrin ọdún tó ṣeé pín sí méjì, bíi 2022, 2024 àti 2026, ni wọ́n ń pè ní LTS, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì fi ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń jáde láàárín, oṣù mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fi ń bójú tó wọn. Fún ṣọ́ọ̀bù àti fún iṣẹ́ ilé-ìwé, LTS nìkan ni kí ẹ máa lò. Mi ò rí ìdí tí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wá oúnjẹ òòjọ́ á fi máa pààrọ̀ ètò rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Bí LTS àtijọ́ bá ti wà lórí ẹ̀rọ yín, ẹ má retí pé ẹ̀rọ náà á fúnra rẹ̀ sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn pé tuntun ti dé. Wọ́n máa ń dúró de àtúnṣe àkọ́kọ́, èyí tí nọ́mbà rẹ̀ ń parí sí .1, kí wọ́n tó fi lọ àwọn tó ń lo LTS. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni 24.04 jáde, 24.04.1 ò dé títí di ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ. Bí LTS tó wà lọ́wọ́ yín bá ń ṣe dáadáa, ẹ dúró de .1. Ẹni tó ń ti Windows bọ̀, tàbí tó fẹ́ nu ẹ̀rọ rẹ̀ kó tún bẹ̀rẹ̀, ni ìyókù wà fún.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹ̀rọ yín

Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ msinfo32, kí ẹ tẹ Enter. Ẹ mú bírò àti ìwé. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀, processor rẹ̀, iye RAM rẹ̀, àti ohun tó wà níwájú BIOS Mode (BIOS ni ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó ṣí), bóyá UEFI ni tàbí Legacy. Ẹ má fi sínú kọ̀ǹpútà kan náà tẹ́ ẹ fẹ́ nù.

Ubuntu 24.04 ń fẹ́ RAM 4GB ó kéré tán, àti àyè 25GB lórí dísìkì. Ká sọ òtítọ́, 4GB á máa wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹ bá ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. 8GB ló rọrùn. Ẹni tí kò ní ju 4GB lọ lè lo Xubuntu tàbí Lubuntu, ọmọ ìyá Ubuntu ni wọ́n, wọ́n sì fẹ́lẹ́ jù ú lọ.

Bí ó bá jẹ́ háàdì dísìkì tó ń yí ló wà nínú ẹ̀rọ náà, tí owó díẹ̀ sì wà lọ́wọ́, SSD (dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí) ni kí ẹ fi rà. Kì í ṣe torí pé ó yára nìkan. Bí ẹ bá yọ dísìkì àtijọ́, tí ẹ fi SSD tuntun sípò rẹ̀, tí ẹ sì gbé Ubuntu sórí SSD náà, gbogbo ayé yín àtijọ́ ṣì wà lódindi nínú dúrọ́ọ̀. Bí nǹkan bá wọ́, ẹ ó dá dísìkì àtijọ́ padà, ẹ̀rọ á sì ṣí bó ṣe ń ṣí tẹ́lẹ̀. Kò sí ìmúrasílẹ̀ mìíràn tó fọkàn ẹni balẹ̀ tó èyí, iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì jẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ẹ wá yẹ àwọn sọ́fítíwià tẹ́ ẹ fi ń jẹun wò. CorelDRAW kì í ṣiṣẹ́ lórí Ubuntu. Inkscape, sọ́fítíwià ìyàwòrán tó ń ṣiṣẹ́ lórí Ubuntu, lè ṣí àwọn fáìlì CDR (ti CorelDRAW) kan, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣí lè má rí bí ẹ ṣe tò ó. Ìwé Microsoft Word á ṣí nínú LibreOffice, sọ́fítíwià ìtẹ̀wé ti orí Ubuntu, àmọ́ tábìlì àti nọ́mbà ojú ewé lè yẹ̀ kúrò níbi tí ẹ fi wọ́n sí, èyí sì burú fún iṣẹ́ àṣekágbá tí olùkọ́ ti fọwọ́ sí. Bí ṣọ́ọ̀bù yín bá dúró lórí CorelDRAW, ẹ fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, tàbí kí ẹ gbé Ubuntu sẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows lórí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìtara ẹnikẹ́ni, títí kan tèmi, ti yín kúrò lórí ohun èlò iṣẹ́ yín.

Fáìlì

Ètò ìṣiṣẹ́ ṣeé tún gbé. Ìwé tí èèyàn fi oṣù mẹ́fà tẹ̀ kò ṣeé rà lọ́jà. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ ṣe: ọ̀kan sórí háàdì dísìkì alágbèéká, èkejì sí ibi tó yàtọ̀ sí ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Google Drive ń fúnni ní 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tó fún àwọn ìwé tí a tẹ̀. Fọ́tò àti fídíò á jẹ dátà jù. Ẹ dà wọ́n sórí dísìkì mìíràn, kí ẹ gbé e fún ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán kó bá yín tọ́jú rẹ̀.

Ẹ má wo Documents nìkan. Orí Desktop ni iṣẹ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé máa ń wà, nínú fódà tí kò sẹ́ni tó fún lórúkọ gidi: New Folder, New Folder 2, títí dé New Folder 7. Ìyókù wà nínú Downloads, torí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí oníbàárà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp Web máa ń bọ́ sí. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ láìṣà. Ìgbà mìíràn lẹ ó máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá ń lo Chrome, ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Google yín kí ọ̀rọ̀ aṣínà àti àwọn ojú ewé tẹ́ ẹ fi pamọ́ lè bá yín lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa ni fọ́ǹtì. Ẹni tó ti ń tẹ Yorùbá tipẹ́ mọ̀ pé kí Unicode (ìlànà kan náà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà) tó gbilẹ̀, fọ́ǹtì àkànṣe la fi ń rí ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n gba ipò àmì mìíràn: ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ sí àmì owó tàbí àmì ìṣirò, fọ́ǹtì náà á yà á bí ọ. Níwọ̀n ìgbà tí fọ́ǹtì yẹn bá wà lórí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí ẹ bá gbé fáìlì náà dé orí ẹ̀rọ tí kò ní in, oríkì tí bàbá kan sọ tí ẹ tẹ̀ sílẹ̀ á di àmì tí ẹnikẹ́ni ò lè kà. Ìwé ìtàn ìdílé wà nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ìwé orin ìjọ wà níbẹ̀, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè ti lọ.

Ohun méjì ni kí ẹ ṣe. Ẹ ṣí C:\Windows\Fonts, kí ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Fọ́ǹtì tí ẹnì kan fi sí fún ara rẹ̀ nìkan kì í sí níbẹ̀ o; ẹ wò ó nínú fódà AppData\Local\Microsoft\Windows\Fonts tó wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí Windows ṣì wà tí ìwé náà sì ń hàn bó ṣe yẹ, ẹ ṣí gbogbo ìwé Yorùbá tó ṣe pàtàkì lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wọ́n pamọ́ ní PDF. PDF ń gbé ìrísí lẹ́tà sínú ara rẹ̀, á sì ṣeé kà níbikíbi. Iṣẹ́ yìí ń sú èèyàn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣe é.

Ẹ yẹ BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa, wò pẹ̀lú. Bí ó bá wà ní títàn, Windows lè béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́mbà 48 lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ètò ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tó ń fi àkáǹtì Microsoft wọlé á sábà bá kọ́kọ́rọ́ náà nínú àkáǹtì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ dà á kọ sínú ìwé, kí ẹ sì pa BitLocker bí ẹ bá fẹ́ kí Windows àti Ubuntu jọ gbé orí dísìkì kan.

Ẹ̀dà tí ẹ kò tíì ṣí lórí ẹ̀rọ mìíràn, ẹ má tíì kà á sí ẹ̀dà. Ẹ gbé dísìkì náà lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, kí ẹ ṣí fáìlì bíi mẹ́wàá láti inú fódà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìwé, fọ́tò, PDF, ìṣirò owó. Bí gbogbo wọn bá ṣí, ẹ lè máa tẹ̀ síwájú.

Iná

Oṣù Kẹrin tí LTS ń jáde ni òjò àkọ́rọ̀ máa ń fi ìjì àti àrá rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí àrá bá ń sán, ẹ yọ ṣájà lára ògiri, kí ẹ sì sún iṣẹ́ náà síwájú. Kò sí Ubuntu tí kò ní sí níbẹ̀ lọ́la.

Láàpútọ́ọ̀pù tó ní bátìrì gidi kò ní wàhálà púpọ̀. Ẹ̀rí pé bátìrì gidi ni lẹ nílò, kì í ṣe pé ó kọ 100% lójú. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt (fèrèsé dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí), ẹ kọ powercfg /batteryreport, á sì sọ ibi tó fi ìròyìn náà sí fún yín. Ẹ fi Design Capacity wé Full Charge Capacity. Bí bátìrì tó yẹ kó gba 50,000 mWh bá ti já sí 15,000, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù nínú rẹ̀, ẹ wá ínfátà tàbí sóólà tí iná rẹ̀ kì í ṣẹ́jú. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò gbọdọ̀ ṣe é láìsí UPS tàbí ínfátà. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ ní, ẹ rọ epo kún un kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ rọ epo sí i nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rù tó yẹ kó ba èèyàn nínú ọ̀rọ̀ iná yàtọ̀ síra. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ nígbà tí Ubuntu ń da ara rẹ̀ sórí dísìkì, ẹ̀rọ náà ò bàjẹ́. Ẹ ó tún fi fíláàṣì bẹ̀rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀ ń ṣe àtúnṣe BIOS, ẹ̀rọ lè má tan mọ́ rárá. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe àtúnṣe BIOS, ẹ ṣe é ní ọjọ́ mìíràn, pẹ̀lú bátìrì tó kún àti ṣájà tó wà lára iná ínfátà.

Dátà

Fáìlì Ubuntu 24.04 ń lọ sí bíi 6GB, ẹ ka tuntun sí ohun tó tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi bíi 2GB kún un fún àwọn àtúnṣe tó máa tẹ̀ lé e. Dátà alẹ́ ló dín owó jù. Kò sí wákàtí kan pàtó tí wọ́n ń gbé e jáde. Ó lè di ìrọ̀lẹ́ ní àkókò tiwa kó tó hàn. Ẹ má fi gbogbo ọjọ́ dúró tì í. Ubuntu.com àti releases.ubuntu.com nìkan ni kí ẹ ti fà á, ẹ má tẹ ìkànnì tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp.

Lọ́jọ́ náà gan-an, èrò máa ń pọ̀. Torrent ló yá jù nígbà yẹn, torí ẹni tó bá ti rí apá kan gbà ń pín in fún ẹlòmíì, bí èrò ṣe ń pọ̀ ló ń yá sí i. Ó tún ní àǹfààní kan tó bá wa mu: bí iná tàbí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já, ibi tó dúró sí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ojúlówó fáìlì torrent wà lórí ìkànnì Ubuntu fúnra rẹ̀.

Kò sì pọn dandan kí ẹni mẹ́wàá ní òpópónà kan náà na dátà mẹ́wàá. Kí ẹnì kan fà á wálẹ̀, kí àwọn yòókù dà á kọ. Ohun tó ń jẹ́ kí èyí ṣeé fọkàn tán ni SHA256, ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́mbà 64 tí Ubuntu ń kọ síwájú fáìlì kọ̀ọ̀kan lórí ìkànnì wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ẹ̀dà lọ́wọ́ ẹlòmíì, ẹ fi fóònù yín ṣí ìkànnì náà. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt nínú fódà tí fáìlì wà, kí ẹ kọ certutil -hashfile, ẹ fi orúkọ fáìlì náà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà SHA256. Ẹ fi ohun tó jáde wé ti orí ìkànnì. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá yàtọ̀, ẹ má lò ó. Ó lè jẹ́ pé dátà já láàárín, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án.

Fíláàṣì

8GB ni ó kéré jù. 16GB ni kí ẹ wá. Fíláàṣì ayédèrú wà lọ́jà tó ń pe ara rẹ̀ ní 64GB, tí inú rẹ̀ ò sì ju 8GB lọ. Kọ̀ǹpútà á gbà á gbọ́, á máa da fáìlì sí i, ohun tó bá ti kọjá ìwọ̀n rẹ̀ á ṣègbé. Sọ́fítíwià H2testw lórí Windows ló ń tú u fó: á kọ nǹkan kún un dé ètí, á sì ka gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ ṣe èyí ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó máa ń pẹ́.

Ẹ má kàn da fáìlì ISO (fáìlì Ubuntu tẹ́ ẹ fà wálẹ̀) sórí fíláàṣì bí ẹni da orin kọ. Ẹ̀rọ ò ní lè ti ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Sọ́fítíwià Rufus tàbí balenaEtcher ni kí ẹ lò. Nínú Rufus, ẹ yan fíláàṣì, ẹ yan ISO, ẹ yan GPT bí ìwé tẹ́ ẹ kọ bá sọ pé UEFI ni ẹ̀rọ yín, kí ẹ tẹ Start. Á nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, nítorí náà ẹ má mú fíláàṣì tí iṣẹ́ oníbàárà wà nínú rẹ̀.

Ẹ dán an wò kí ọjọ́ tó pé

Ẹ fi LTS tó wà nílẹ̀ dán ẹ̀rọ yín wò ṣáájú. Bí ẹ bá ti ní ISO rẹ̀ tàbí tí ẹnì kan ní in, kò ná yín ní dátà kankan. Ẹ kọ́kọ́ pa Fast Startup nínú Windows, torí kì í jẹ́ kí Windows pa tán, á sì máa di dísìkì mú. Ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì tó ń mú àkójọ ìbẹ̀rẹ̀ jáde: F9 lórí HP, F12 lórí Dell àti Lenovo, Esc lórí púpọ̀ nínú ASUS. Ẹ kọ èyí tó bá ṣiṣẹ́ sínú ìwé yín.

Bí Ubuntu bá ṣí, ẹ mú Try, kì í ṣe Install. Kò ní fọwọ́ kan dísìkì yín. Ẹ wá yẹ ohun gbogbo wò bí ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò: ṣé Wi-Fi so pọ̀, ṣé ohùn ń jáde, ṣé kámẹ́rà ń ríran, ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń tẹ̀? Wi-Fi Broadcom sábà máa ń nílò dráífà tí ẹ ó fà wálẹ̀ lẹ́yìn. Fún ìgbà yẹn, ẹ fi wáyà so fóònù Android mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ tan USB tethering, íntánẹ́ẹ̀tì á dé. Púpọ̀ nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé HP kì í fa wàhálà. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lésà olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ pé Windows nìkan ni wọ́n ń gbọ́ èdè rẹ̀. Bí ti ṣọ́ọ̀bù yín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó dára kí ẹ mọ̀ nísinsìnyí.

Lórí àwọn Dell kan, Ubuntu lè sọ pé òun ò rí dísìkì. Wọ́n fi dísìkì náà sí RAID tàbí RST nínú BIOS ni, AHCI ló yẹ kó wà. Bí ẹ bá fẹ́ kí Windows ṣì wà, ẹ má kàn yí i, torí Windows lè má ṣí mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín ṣe é.

Ọjọ́ náà gan-an

Ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó wo Ubuntu. UTME ọdún 2024 àti ti 2025, ìdajì ìkẹyìn oṣù Kẹrin ni méjèèjì bẹ̀rẹ̀, àkókò kan náà tí LTS ń jáde. Ṣọ́ọ̀bù tó ń tẹ ìwé ìdánwò JAMB fún àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí ìgbà yẹn, kí òun náà má fọwọ́ kan ẹ̀rọ rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ méjì, èyí tí kì í mú owó wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Bí ọ̀nà bá là, ẹ fa fáìlì náà, ẹ yẹ SHA256 rẹ̀ wò, ẹ ka ìwé àlàyé tí Ubuntu gbé jáde pẹ̀lú rẹ̀, pàápàá ibi tí wọ́n to àwọn àléébù tí wọ́n ti mọ̀ sí. Ẹ wá gbé e sórí fíláàṣì. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ gbogbo háàdì dísìkì alágbèéká kúrò lára ẹ̀rọ, pàápàá èyí tí ẹ̀dà fáìlì yín wà lórí rẹ̀. Ojú ewé tí Ubuntu ti ń béèrè ibi tí ẹ fẹ́ kí òun gbé ara òun sí ni ibi tó léwu jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. "Erase disk" á nu gbogbo dísìkì náà, Windows àti ohun gbogbo. "Install alongside" á fi Windows sílẹ̀. Ẹ ka orúkọ dísìkì àti ìwọ̀n rẹ̀ sókè ketekete kí ẹ tó tẹ̀ síwájú: bí dísìkì yín bá jẹ́ 256GB, tí ẹ sì ń rí 1TB, ẹ dúró, dísìkì mìíràn lẹ fẹ́ nù.

Á bi yín bóyá ẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti dísìkì náà pa. Fún láàpútọ́ọ̀pù tó ń bá yín rìn, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, kò sí oníṣẹ́ kankan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí níbòmíì tó lè ṣí i. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ẹ ń tọ́jú ìwé ilé.

Lẹ́yìn tó bá ṣí

Ẹ jẹ́ kí àwọn àtúnṣe wọlé, kí ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí Keyboard, ẹ fi Yoruba kún èdè tí kíbọ́ọ̀dù ń tẹ̀. Ó wà nínú àkójọ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà yẹn, Unicode ni ohun tí ẹ bá ń tẹ̀, kò sí ìwé Yorùbá tuntun yín tó máa nílò fọ́ǹtì àkànṣe kó tó ṣeé kà. Àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ tí ẹ kó pamọ́, ẹ dà wọ́n sínú .local/share/fonts lábẹ́ fódà ilé yín, kí àwọn ìwé àtijọ́ lè ṣí nínú LibreOffice. Ẹ ṣí ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú PDF rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ fojú wé wọn ní ìlà dé ìlà. Ibi tí wọn ò bá bára mu, PDF ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ẹ dá fáìlì padà ní fódà kan sí òmíràn, èyí tí ẹ̀ ń lò lójoojúmọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dá padà. Ẹ̀dà tó wà lórí dísìkì alágbèéká, ẹ má nù ún fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, torí fáìlì kan máa ń wà tí oníbàárà ò ní béèrè títí tí ẹ ó fi gbàgbé rẹ̀. Ẹ lẹ bébà mọ́ ọn, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é síbẹ̀.

Fíláàṣì Ubuntu náà, ẹ tọ́jú rẹ̀ bó ṣe wà. Bí ẹ̀rọ kankan ní ṣọ́ọ̀bù bá kọ̀ láti tan lọ́jọ́ iwájú, ẹ ó fi í ṣí Try, ẹ ó sì rí fáìlì inú dísìkì kó jáde kí oníṣẹ́ tó tú u. Ará àdúgbò tó bá sì fẹ́ gbé tirẹ̀, ẹ yá a, kí ẹ fi ìtọ́sọ́nà SHA256 tì í.